Bí A Ṣe Ń Kó Ọmọ Ilé-Ìwé Girama Lọ Pàgọ́ sí Oko Ẹ̀gbá

Kò sí igbó tí kò lólówó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún olùkọ́ tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ SS1 tàbí SS2 lọ sùn sóko, kí n tó dárúkọ àgọ́, kí n tó dárúkọ tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ni igbó tó ń lọ, ìdajì wàhálà rẹ̀ ti tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àgọ́ tó wọ́n jù lọ lọ́jà kò lè gbà á sílẹ̀.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé ìjọba kan níbí ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ Man O' War ilé-ìwé náà sì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ kì í pè mí lórúkọ. Àǹtí Jọ́gí ni mò ń jẹ́, kódà bí wọ́n bá pàdé mi lọ́jà Kútọ̀. Ìrìn tí mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì, ọmọ 24, àgbà márùn-ún tí méjì nínú wọn ó kéré tán jẹ́ obìnrin. Ẹsẹ̀ ni wọn ó fi rìn, wọn ó gbé ẹrù ara wọn, wọn ó sì dáná fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó alásè àti jẹnẹrétọ̀ dání, fàájì ló ń lọ. Fàájì kò burú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.

Ìgbà wo ló dáa?

Sáà kejì ni mo fara mọ́, ìsinmi àárín sáà nínú oṣù February. Ní September àti October, ilẹ̀ rọ̀, odò kún, wọ́n sì lè ṣí omi ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán sílẹ̀ kó ya lọ sí ìsàlẹ̀. Láti December dé àárín January, ọyẹ́ ń mú, eruku rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ tó ní ásímà. Tó bá ti di March, àkọ́rọ̀ òjò máa ń bá ìjì àti àrá wá lójijì, kò sì sí olùkọ́ tó fẹ́ kí àrá bá ọmọ ọlọ́mọ lórí àpáta. Ní February, ilẹ̀ gbẹ, koríko ti lọ sílẹ̀, ojú ọ̀nà hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé àsìkò tí àgbẹ̀ ń sun oko ni. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọn ó ti dáná sun igbó ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ tún yẹ nǹkan méjì wò kí ẹ tó mú ọjọ́. Àkọ́kọ́ ni Orò. Bí wọ́n bá ń ṣe Orò lábúlé tí ẹ ń lọ, obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, àti èmi àti àwọn ọmọbìnrin tí mo kó lẹ́yìn. Kàlẹ́ńdà ilé-ìwé kò ní í sọ ìyẹn fún yín. Ẹnu Baálẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ìkejì ni ìdìbò. Ní 25 February 2023 tí wọ́n dìbò ààrẹ, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lójú títì, bẹ́ẹ̀ ìparí ọ̀sẹ̀ tó dáa fún oko gan-an ni.

Ẹni tó ni ilẹ̀

Ohun kan wà tí olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn kì í tètè fura sí nípa wa. Púpọ̀ nínú àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìmálà, lọ́nà Ọdẹ̀dá àti lọ́nà Àlàbàtà, oko ni wọ́n, ilé wà nílé. Bàbá tó ń kọ ebè ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ lónìí ní agbo ilé ní Kémta, ní Ìjẹ̀un, ní Ìgbẹ́ìn tàbí ní Òwu, ibẹ̀ ló sì ń bọ̀ wá ṣọdún. Nítorí náà, kí ẹ tó máa fi máàpù wá ibi tí ẹ ó lọ, ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí kálukú lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé abúlé wo ni oko ìdílé wọn wà, ta ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ ó rí i pé ọmọ tó jẹ́ pé fóònù ni gbogbo ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ń dá lọ́nà Ìmálà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ SS2 wa kan wà tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ oko rí láyé rẹ̀. Baálẹ̀ bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, Baálẹ̀ mi orí, kò mọ̀ ọ́n. Ó wá dárúkọ agbo ilé wọn. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín: "Àbúrò bàbá bàbá rẹ ló gbin igi ọsàn tí o jókòó sábẹ́ ẹ̀ yìí." Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi wá pé kí la wá ṣe lábúlé náà. Àwọn ìyá ibẹ̀ ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa ni.

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kó ọmọ kankan débẹ̀. Ẹ mú obì àti ọtí dání nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ ṣàlàyé ara yín tán pátá, kí ẹ má fi nǹkan kan pamọ́: iye ọmọ, iye ọmọbìnrin, ọjọ́ tí ẹ ó dé, ọjọ́ tí ẹ ó lọ. Ẹ bèèrè ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Gbogbo abúlé ló ní igbó tàbí odò tàbí igi tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe ọ̀ranyàn kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kàn sàmì sí i lórí máàpù yín, kí ẹ yà á sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, kí ẹ lè ríbi sá sí bí òjò bá dé tàbí bí ara ọmọ kan kò bá yá.

Nígbà kejì, ẹni tí ẹ ó bá rìn ni ọdẹ. Ọdẹ ni mo sọ, kì í ṣe ọ̀dọ́ abúlé tó ní òun mọ ọ̀nà. Kí ó mú yín rìn gbogbo ibi tí àwọn ọmọ yóò rìn, lásìkò kan náà tí wọn ó rìn ín, kí ẹ mọ ibi tí oòrùn ti ń pa èèyàn àti ibi tí ìbòòji wà. Kí olórí ọdẹ sì mọ òru tí ẹ ó sùn níbẹ̀, torí pé iná orí ni ọdẹ òde òní fi ń ṣọdẹ lóru. Ohun tó bá tàn padà nínú igbó, ojú ẹran ló ń pè é. Ọmọ tó bá jáde lọ tọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́, ẹ ronú rẹ̀ wò. A máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yìnbọn ní ìhà tí a wà ní òru méjèèjì, a sì máa ń san owó fún ọdẹ méjì kí wọ́n bá wa ṣọ́ àgọ́. Mi ò tíì rí owó tó wúlò jù ú nínú gbogbo ètò yìí.

Bí gáà Fúlàní bá wà nítòsí, ẹ kí àwọn náà, kí ẹ mọ ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò. Bó bá jẹ́ ìhà Ọdẹ̀dá ni ẹ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ bèèrè aago tí wọ́n máa ń yin àpáta, kí ẹ sì jìnnà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé. Lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé yín, sí DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá tó ni agbègbè náà, sí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti So-Safe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe bó ṣe rí lóṣù tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ, ẹ má sì wá abúlé mìíràn lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ àti òbí kí ẹnikẹ́ni má gbé ọjọ́ ìrìn tàbí orúkọ abúlé sórí WhatsApp tàbí Facebook títí ẹ ó fi padà. Fọ́tò kò ní í bàjẹ́ bó bá dúró di ọjọ́ Ajé.

Bí ọkàn àwọn òbí kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Àlàbàtà, ó tó hẹ́kítà 10,000. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ gba àṣẹ. Adùn rẹ̀ kò tó ti abúlé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ jókòó sílé lọ.

Ohun tí òbí gbọ́dọ̀ sọ

Ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí kàn fọwọ́ sí lásán kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pè wọ́n wá sípàdé, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí òbí kì í fẹ́ dárúkọ àìsàn ọmọ lójú àwùjọ. Fòníkú-fọ̀ladìde lẹ ó kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ tó ní in lè lọ bí dókítà rẹ̀ bá gbà, ṣùgbọ́n òǹgbẹ, òtútù òru àti iṣẹ́ àṣejù ló ń ru ìrora rẹ̀ sókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà lóko. Bó bá ń lọ, kí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, kí súwẹ́tà rẹ̀ nípọn, kí olùkọ́ kan máa ṣọ́ bó ṣe ń mumi. Ọmọ tó ní ásímà, ìfàsímú (inhaler) rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lápò òun fúnra rẹ̀, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ béèrè wárápá, ẹ béèrè ohun tí ara ọmọ kì í gbà, ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń tọ̀ sílé, kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó tẹ́ ẹ sí láìfi í ṣẹ̀sín.

Fún àwọn ọmọbìnrin, àwọn olùkọ́ obìnrin ni kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ṣáájú. Páàdì, ọ̀rá dúdú àti ọṣẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù wa, yálà ọmọ béèrè tàbí kò béèrè. Ìrìn àti àárẹ̀ lè mú kó dé ṣáájú ọjọ́.

Olúmọ ni kíláàsì àkọ́kọ́

Ẹ má kó ọmọ tí ẹ kò tíì rí bó ṣe ń rìn lọ sóko. Ẹ lo ọ̀sán Sátidé bíi mélòó kan nínú ìlú ṣáájú. Olúmọ kò ga ju mítà 137 lọ láti ojú òkun, ìdí rẹ̀ gan-an sì ti wà lókè díẹ̀, nítorí náà gígùn rẹ̀ kò pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba inú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Kí wọ́n gba ojú àpáta, kí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún, kí ẹ rí ẹni tí ojú ń kọ́ àti ẹni tó fẹ́ máa sáré. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá dé ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ fi abẹ́ àpáta yìí ṣe ibi ìsádi. Ẹ kó àwọn ọmọ wọ inú ihò náà kí wọ́n wo bó ti mọ, kí wọ́n sì ronú kan bí èèyàn ṣe ń fi ọmọ wẹ́wẹ́ sùn síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ fún kálukú ní ìwé àti pẹ́ńsù. Kí wọ́n wá ibi tí Odò Ògùn gbà kọjá ní ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n wá Ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ ní Aké, kí wọ́n ya máàpù tiwọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún wọn ní kọ́ńpáàsì, kí wọ́n fi máàpù ọwọ́ ara wọn rìn dé Lafẹ́nwá láìbi ẹnikẹ́ni. Wọn ó sọnù nínú àdúgbò Ìtòkò, ó dájú. Ibẹ̀ ló dáa kí wọ́n ti sọnù.

Ní 1892, William Naismith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe ìṣirò kan tí àwọn arìnrìn-àjò òkè ṣì ń lò: kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Ilẹ̀ òtútù ló ti ṣe ìṣirò yẹn. Fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ́rù nínú oòrùn February wa, kìlómítà 3 ní wákàtí kan ni mo ń fi ṣètò. Kìlómítà 8 tó fún ọjọ́ kan. Kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ sì ti jókòó sábẹ́ igi kí aago mọ́kànlá tó lù.

Ẹrù

Gánà-mọ́sì-gò kò wọ ọkọ̀ wa. Báàgì ẹ̀yìn tó ní okùn méjì ni, báàgì ilé-ìwé tó lágbára náà tó. Kó má wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ọmọ lọ. Bàtà tó ti mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ ni kó wọ̀, kì í ṣe bàtà Kérésì tó ń dán. Ibọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn, fìlà, ẹní kan, aṣọ ìbora, súwẹ́tà, tọ́ọ̀ṣì, fèrè tó so mọ́ ọrùn, àwo, ife àti ṣíbí. Àgọ́ kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti olówó ńlá: tàpólì, okùn àti igi mẹ́ta ṣe é, bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bá wà nínú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ni kò ṣeé fojú fò.

Ẹ tú gbogbo báàgì wò níwájú òbí ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ó rí pọ́fúmù, ẹ ó rí gbohùngbohùn aláriwo, ẹ ó rí ọmọ tó kó páàkì Indomie mẹ́wàá. Ẹ gbà á, kí ẹ fún òbí. Fóònù méjì ló ń lọ fún gbogbo ẹgbẹ́, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, pẹ̀lú báńkì iná àti síìmù iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí máàpù ibẹ̀ sì ti wà lórí wọn kí ẹ tó kúrò níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà.

Omi àti oúnjẹ

Lítà 4 fún orí kan lójúmọ́, mímu àti dídáná. Àpò pío wọ́tà kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, nítorí náà àpò kan jẹ́ lítà 10. Èèyàn 29 yóò lo àpò 12 lójúmọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló máa ń gbé e ṣáájú lọ sábúlé, ọkọ̀ náà kì í sì í padà sílé: ibẹ̀ ni yóò wà pẹ̀lú awakọ̀ àti epo nínú rẹ̀ títí ìrìn yóò fi parí, torí òun ni ọkọ̀ ilé-ìwòsàn yín. Òfin mi lórí omi ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ dá ọ̀rá òfìfo padà kó tó gba òmíràn. Ọ̀rá kò ní í fọ́n sóko olóko, ẹ ó sì mọ ọmọ tí kò mumi.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́rin, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀ nínú àgọ́, ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹgbẹ́ dáná, ọkùnrin àti obìnrin. Ọbẹ̀ ata tí wọ́n ti dín gbẹ dáadáa nílé lè gbé ẹ̀bà alẹ́ àkọ́kọ́. Alẹ́ kejì, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ. Gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti kúlíkúlì fún ọ̀sán, torí kò nílò iná. Ẹ̀wà ń jẹ igi jù, ẹ fi sílé. Bí ẹgbẹ́ kan bá láyà, kí wọ́n ro láfún lórí ààrò onígi fún ẹni mẹ́fà; ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ó rí kókó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ má gba omorogùn lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kí ọwọ́ yín máa yún yín tó.

Ibùdó àti odò

Ibi gíga díẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì jìnnà sódò ní ọgọ́rùn-ún mítà ó kéré tán, lẹ ó pàgọ́ sí. Ẹ wo òkè: ẹ̀ka igi gbígbẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tó fẹ́ já kò gbọ́dọ̀ wà lórí àgọ́. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá méjì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ọkùnrin, kí ẹ fi tàpólì yí wọn ká, kí iyẹ̀pẹ̀ àti ṣọ́bìrì wà lẹ́nu rẹ̀, omi àti ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ààrò wà ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, kí ilẹ̀ yí i ká mọ́ ní mítà 3, kí garawa omi àti iyanrìn wà níbẹ̀. Nínú February, ewé gbígbẹ kò dúró kí ẹ pè é.

Ọ̀rọ̀ odò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Ogun-Oshun River Basin sì ń bójú tó, ibi tó rẹwà ni. Omi rẹ̀ tẹ́ lọ bíi hẹ́kítà 4,000, ẹyẹ ń bẹ níbẹ̀, apẹja ń tukọ̀. Ọmọ tó ti rìn kìlómítà 8 yóò rí i, yóò sì fẹ́ bẹ́ sínú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sí i. Lẹ́yìn tí omi náà dúró, ìgbín kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ sí i, àtọ̀sí ajá, ìyẹn àìsàn aràn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ abúlé etí rẹ̀; àwọn oníwàádìí ti kọ nípa rẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹni tó ní in tọ̀ sódò, ẹyin aràn pa nínú omi, ó wọ inú ìgbín, ó dàgbà níbẹ̀, ó tún jáde sínú omi, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án. Ó wá gba ara tó dá ṣáká wọlé, láìsí egbò, láìsí pé ọmọ gbé omi mì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó. Nítorí náà kò sí wíwẹ̀, kò sí fífọ aṣọ létí rẹ̀, kò sí títi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bó ṣe rí ní Ọ̀yán ló lè rí lódò èyíkéyìí tó rọra ń ṣàn tàbí tó dúró. Omi kàǹga tàbí bọ́họ̀ abúlé ni ẹ ó fi wẹ̀.

Àwọn ọmọ yóò bi yín pé, "Àǹtí, àwọn ọmọ ibí ṣáà ń wẹ̀ níbẹ̀?" Ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ọmọ náà dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti gba oògùn rẹ̀ nílé-ìwé. Praziquantel ni wọ́n ń fún wọn, ẹlòmíràn yóò sì fi igi tí wọ́n fi wọn gíga òun kó tó gbé e mì hàn yín. Ọ̀rọ̀ bàọ́lọ́jì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láìsí pátákó.

Ohun tó ń ṣánni, ohun tó ń yúnni

Sèbé àti paramọ́lẹ̀ ni àwọn ọdẹ wa máa ń tọ́ka sí jù. Sèbé á sá bó bá gbọ́ ìró. Paramọ́lẹ̀ kì í sá, ojú ọ̀nà ló ń nà sí tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ọdẹ ló ń ṣáájú, kálukú sì ń wo ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ki ọwọ́ bọ ihò, kò jókòó sórí òkìtì imọ̀ láìwò, kò wọ bàtà láàárọ̀ láìgbọ̀n ọ́n, nítorí àkeekèé.

Bí ejò bá bu ọmọ jẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó má mira. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi igi pẹlẹbẹ di ibi tó ti bù ú kó má tẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má lo òkúta dúdú. Àwọn àgbà abúlé yóò fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lọ́nà tiwọn, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Bí sèbé bá tutọ́ sójú ọmọ, omi púpọ̀ ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ilé-ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ, ẹ dé FMC ní Ìdí-Àbà tàbí ilé-ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ béèrè bóyá oògùn apa-oró-ejò wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ejò bù ú jẹ kọ́ ni ọjọ́ tí èèyàn ń wádìí. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì. Ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é, kí ọkọ̀ yín ti máa lọ.

Wèrèpè ló máa ń yọ wá lẹ́nu ju ejò lọ. Èso rẹ̀ ti gbẹ lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ lásán ń gbé irun rẹ̀. Ọmọ tó bá ti bà á, kó má fi ọwọ́ yún un, ńṣe ló ń tàn án. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kí ẹ sì fà á kúrò, léraléra, kó pààrọ̀ aṣọ, kó wá fomi ṣàn án.

Fún àárẹ̀ oòrùn àti inú rírun, ẹ kó ṣúgà àti iyọ̀ dání: ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí wọn ò kún gọ́gọ́, sínú lítà omi kan, ìyẹn ọ̀rá pío wọ́tà méjì. Ọmọ tó bá ń sọ kántankàntan, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, ẹ má fún un ní nǹkan mu. Ẹ bu omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ.

Òru

Ilẹ̀ ń ṣú kíákíá. Kí oúnjẹ ti jinná kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Òru àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ, àwọn ọkùnrin tó ń ṣàkọ lójú títì gan-an ló ń béèrè bóyá àwọn lè sùn sítòsí Àǹtí. Bí igi ńlá bá ṣì wà nítòsí, ẹ lè gbọ́ ọ̀fàfà lókè. Ẹran kékeré bí ehoro ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ ó sì gbọ́ tí ẹnì kan á ní iwin ni. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé èyí tó wà láàárín odò Niger àti odò Volta, ìyẹn lọ́dọ̀ wa, yàtọ̀ sí ti ibòmíràn: tiwa ń gbó ni, tiwọn ń kígbe. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn nínú òkùnkùn, ìbéèrè á wá pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Kí olùkọ́ méjì máa pín òru ṣọ́, pẹ̀lú ọdẹ, kò sì sí ọmọ tó ń dá jáde; ẹni méjì, méjì.

Bí ọmọ bá sọnù lójú ọ̀nà, ohun tí ẹ ti kọ́ ọ láti ilé ni yóò ṣiṣẹ́: kó dúró síbi tó wà, kó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kó sinmi, kó tún fun ún. Ẹ̀yin náà, ẹ má tú ká wá a. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn yòókù, ẹ mú kí wọ́n jókòó, kí ọdẹ àti olùkọ́ kan padà sí ìkóríta tí ẹ ti kà á kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kà wọ́n ní gbogbo ìkóríta, tí olùkọ́ kan kì í sì í kúrò lẹ́yìn ìlà.

Ọjọ́ ìpadà

Ẹ paná, ẹ da omi sí i, ẹ fi ọwọ́ kan eérú kí ẹ mọ̀ pé ó tutù. Ẹ di ṣáláńgá. Kí àwọn ọmọ tò, kí wọ́n rìn la ibùdó kọjá, kí wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rá. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ kí Baálẹ̀, kí ẹ ka orí wọn níwájú rẹ̀, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ yàrá ilé-ìwé padà, kí ẹ san owó àwọn ọdẹ ní gbangba kí gbogbo èèyàn rí i. Bí ọmọ kan bá já ọsàn olóko tàbí tẹ ebè mọ́lẹ̀, ìgbà yìí ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ pe DPO pé ẹ ti kúrò.

Ẹ fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan nígbà tí wọ́n bá wá gba ọmọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ibà bá mú ọmọ láàárín oṣù kan, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, kí wọ́n má kàn ra oògùn ní kẹ́míìsì, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ó sùn sóko. Bí ọmọ bá sì jẹ́wọ́ pé òun fẹsẹ̀ kan omi Ọ̀yán, kí wọ́n má nà án; kí wọ́n mú un lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí wọ́n sì tètè lọ bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.